Ẹ Má Tíì Fi Àlùmọ́gàjí Kan Agbádá Yẹn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ méjì ni mo ní níléèwé kan ní Mọ́níyà níbí. Wọ́n fẹ́ ṣe eré ìparí ọdún ní oṣù keje. Èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ni yóò ṣe Ìjàpá; àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 4, ni yóò ṣe Olorì. Owó tí àwọn tó ń yáni láṣọ eré pè, apá mi ò ká a. Àpò Ghana-must-go kan wà nílé tó kún fún aṣọ àtijọ́: agbádá dàmáásìkì bàbá mi tó ti dolóògbé, ó ti ya lábíyá, bùbá lẹ́ẹ̀sì mi méjì, jíǹsì ọkọ mi mẹ́ta, tíṣẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan, gèlè líle kan, àti aṣọ òkè tí ìyá ọkọ mi fún mi nígbà ìgbéyàwó. Maṣíìnì alọ́wọ́ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo kàn fi ń tún aṣọ ilé ṣe ni. Ṣé kí n tú gbogbo wọn palẹ̀ kí n tó tún wọn gé? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má tú wọn palẹ̀. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyẹn, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ lẹ́yìn rẹ̀, àlàyé lórí rẹ̀ ni. Aṣọ àtijọ́ kì í ṣe ọ̀pá aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Gbági. Ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: ó ti ṣẹ́ etí rẹ̀, ó ti rán ọrùn rẹ̀ yípo, ó ti gbé bọ́tìnnì sí i, ó sì ti lu ojú bọ́tìnnì. Ibi tó máa ń dá ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dúró náà sì nìyẹn: etí, ọrùn, béńdì, bọ́tìnnì. Bí ẹ bá tú u, ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà lẹ tú dànù, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara yín ṣe é. Ẹni tó bá mọ aṣọ àtijọ́ lò, ibi tí iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, á wá gbé ara ọmọ síbẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó mú téèpù, ẹ fọ aṣọ. Àpò tó ti pẹ́ lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, káńfọ̀ kì í wọ́n nínú rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké yẹn. Naphthalene ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ wà láàárín wa, wọn ò sì kéré, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD tó bó ṣe yẹ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti mu, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ bóyá ọmọ tiwọn wà nínú wọn. Nítorí náà ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí òórùn káńfọ̀ yóò fi tán lára rẹ̀ pátápátá. Aṣọ òkè nìkan ni kí ẹ má rì bọmi; ibòòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni kí ẹ nà án sí, fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Bó bá ti gbẹ, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè lójú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tó bá ti tín á fara hàn: abíyá, ìdí sòkòtò, orúnkún, ọrùn. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì mú ibẹ̀, ẹ fà á díẹ̀. Bó bá dún ṣàà, ó ti jẹrà, òwú kankan ò ní dúró níbẹ̀, ẹ gé ibẹ̀ kúrò nínú ìṣirò yín. Ẹ tún fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òwú gidi àti èyí tó jẹ́ pólísítà. Ẹ yọ fọ́nrán díẹ̀ nínú ìṣẹ́tí, ẹ gbé e sórí àwo irin níta, níbi tí ọmọ kò sí, ẹ fi ìṣáná kàn án. Òwú gidi á jó di eérú, òórùn rẹ̀ á sì jọ ti bébà tó ń jó. Pólísítà á yọ́, á wá di kókó líle. Ohun tí ìyẹn wúlò fún ni pé áyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ pólísítà mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni òwú gidi ló ń jẹ́ kí ara ọmọ mí. Ẹ fi òwú gidi síbi tó kan ara, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó ń dán wà níta.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa agbádá. Mo mọ̀ pé òun ló ń wọ̀ yín lójú jù nítorí pé aṣọ tó wà lára rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Agbádá tí iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ ṣì pé, tó jẹ́ pé abíyá nìkan ló ya, kò tíì di àkísà. Ẹ wo inú àpò tó wà láyà rẹ̀ àti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀: dàmáásìkì kan náà ni, kò sì tíì rí oòrùn tó ti ìta. Ẹ yọ èkìrí tó tó àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn ibi tó ya, kí òdòdó dàmáásìkì náà kọjú síbi tí ti ara agbádá kọjú sí, ẹ fi òwú aláwọ̀ kan náà mú etí ibi tó ya mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Abíyá ni, ta ni yóò wò ó? Ọmọkùnrin yín yóò tó o wọ̀ lọ́jọ́ kan. Aṣọ bàbá ìyá rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó bá a níbẹ̀.

Aṣọ òkè tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ahunṣọ wa, ní Ìṣẹ́yìn àti níbòmíràn, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, bí ínǹṣì 4 ní fífẹ̀, kí wọ́n tó rán an pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá dé Òjé ní Ìbàdàn lọ́jọ́ ọjà á rí i bí wọ́n ṣe ká a jọ. Bí ẹ bá fi àlùmọ́gàjí gé e ní ìbú, fọ́nrán rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Bó bá di dandan kí ẹ yọ nínú rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni kí ẹ fi bíléèdì tú, kí ẹ mú odindi ọ̀já kan, kó lè ṣeé rán padà lẹ́yìn eré. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá gbé adìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá àgbà rẹ̀ wá náà nìyẹn, pàápàá jù lọ Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Màpó sí. Aṣọ tí ẹnì kan fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ gbágùúdá ya, tó sì rì sínú aró ẹlú, a lè wé e, a lè ró o, a lè dì í, àmọ́ a kì í gé e fún eré wákàtí kan.

Ó ku jíǹsì, tíṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀sì àti gèlè. Wọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìjàpá. Ẹni tó bá ti jókòó gbọ́ àlọ́ rí mọ̀ pé ẹ̀yìn Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo kò dán: ó fọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn bí wọ́n bá ní ká fi aṣọ àtijọ́ rán Ìjàpá, èkìrí ni ara rẹ̀ látilẹ̀ wá. Ẹ wo ìjàpá gidi bí ẹ bá rí i. Pátákó ńláńlá 13 ló wà lẹ́yìn rẹ̀: 5 tò láàárín láti ọrùn dé ìdí, 4 wà lápá ọ̀tún, 4 lápá òsì, àwọn kéékèèké wá yí etí rẹ̀ ká. Bí ẹ bá to èkìrí yín bẹ́ẹ̀, ọmọ tó jókòó ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn á mọ̀ pé Ìjàpá ló dé kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ mú jíǹsì tó tóbi jù. Ẹ la ojú ìrán inú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ẹ tẹ́ itan rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kó fẹ̀ ju ínǹṣì 18 lọ dáadáa. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ìrísí ẹyin sórí rẹ̀, gígùn rẹ̀ ínǹṣì 18, fífẹ̀ rẹ̀ ínǹṣì 16, ẹ gé e. Ìta ẹ̀yìn nìyẹn. Ti inú, ẹ gé e láti ara tíṣẹ́ẹ̀tì tàbí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́, ìrísí kan náà, ínǹṣì 16 sí 14. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi dọ́gba. Ẹ óò mú dáàtì 4 létí ti ìta, ìyẹn ìṣẹ́po onígun mẹ́ta tí a ń rán pa, kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì kan àbọ̀ létí, kó gùn wọnú tó ínǹṣì 3: méjì lápá èjìká, méjì lápá ìbàdí. Dáàtì wọ̀nyẹn ló máa jẹ́ kí ẹ̀yìn náà yọ sókè dípò kó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí wọ́n bá sì ti wọlé, etí ti ìta á dínkù títí á fi bá ti inú mu.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì mú dáàtì náà. Èkìrí 13 ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, nígbà tí aṣọ ṣì tẹ́. Ẹ fi páálí gé àwòṣe méjì: ọ̀kan fún ti àárín, gígùn rẹ̀ ínǹṣì 3, fífẹ̀ rẹ̀ 4, èkejì fún ti ẹ̀gbẹ́, tó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ fún un ní igun 6 kó lè dà bíi ti gidi. Ẹ má wá àwọ̀ kiri. Jíǹsì ní ojú méjì, inú rẹ̀ funfun ju ìta lọ. Bí ẹ bá gé 7 ní ojú ìta, tí ẹ yí 6 padà, àwọ̀ méjì ti wà níbẹ̀ láti ara aṣọ kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé, télọ̀ àdúgbò yín ń da èkìrí àǹkàrá nù lójoojúmọ́. Ẹ lọ kí i pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, inú rẹ̀ á dùn pé ẹ bá òun kó o. Èkìrí jíǹsì kò nílò kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀. Ẹ rán an yípo ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì sí etí, lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ fá a kí fọ́nrán rẹ̀ tú síta, á jọ ẹ̀yìn tó ti gbó. Ti àǹkàrá ni ẹ ó ṣẹ́: ẹ gé e kó fi ìdajì ínǹṣì ju páálí lọ yíká, ẹ gbé páálí sáàárín rẹ̀, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ etí rẹ̀ wọnú lé páálí lórí, ẹ yọ páálí, ẹ fi pínnì mú un, ẹ rán an mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi páálí tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n.

Bí èkìrí bá ti pé, ẹ wá mú dáàtì. Nínú ẹ̀yìn náà, fóòmù àga tàbí ti ìrọ̀rí àtijọ́ ni kí ẹ fi sí, èyí tí kò nípọn ju ínǹṣì kan lọ. Àwọn kan máa ń kì í ní àkísà. Ẹ má ṣe é. Àkísà wúwo, ó ń gba ooru, á sì máa fa ọmọ sẹ́yìn láti ibẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Ọmọ tí ẹrù ń fà kì í rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ dojú ìta àti inú kọ ara wọn, ẹ rán an yípo, ẹ fi ààyè ínǹṣì 6 sílẹ̀ lápá ọrùn, ẹ yí i síta, ẹ ti fóòmù bọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù lọ wá nìyí: ohun tí yóò gbé e dúró lára ọmọ. Ẹ mú béńdì jíǹsì kejì, ìyẹn ọrùn sòkòtò tó gbé bọ́tìnnì àti ojú bọ́tìnnì. Ẹ gé e kúrò lára sòkòtò ní abẹ́ ojú ìrán rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ má tú òwú ara béńdì náà. Ẹ dá a sí méjì láàárín ẹ̀yìn. Apá kan gbé bọ́tìnnì, apá kejì gbé ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ ti dá a yẹn ni kí ẹ rán mọ́ òkè ẹ̀yìn Ìjàpá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n á gba orí èjìká ọmọ wá síwájú, wọ́n á sì pàdé láyà, kí ẹ de bọ́tìnnì. Ẹ ṣe béńdì jíǹsì kẹta bákan náà, ìyẹn lọ sí ìsàlẹ̀, ó gba ìbàdí wá síwájú, ó ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Béńdì àgbàlagbà á gùn jù fún ọmọ ọdún 6. Ibi tí ẹ ti dá a ni kí ẹ ti dín in kù, kì í ṣe ẹnu bọ́tìnnì. Ẹ kò ṣẹ́ etí kankan, ẹ kò lu ojú bọ́tìnnì kankan, kò sì sí okùn tó kan ọmọ lọ́rùn. Ẹ rí i dájú pé ibi tí béńdì òkè ti pàdé wà nísàlẹ̀ egungun ọrùn dáadáa, láàárín àyà.

Maṣíìnì alọ́wọ́ yín á ṣe é, ìyẹn ló tilẹ̀ dára jù fún jíǹsì nítorí kì í sáré. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 ni kí ẹ lò. Ibi tí aṣọ bá ti pọ̀ léra, ẹ kọ́kọ́ fi òòlù lù ú kó tẹ́, ẹ wá máa yí ọwọ́ maṣíìnì díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ má fipá mú un, abẹ́rẹ́ á kán, irin rẹ̀ sì lè ta sójú. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú ìlọ́po méjì rán ibẹ̀, lọ bọ̀ lọ bọ̀, kí òwú náà ya onígun mẹ́rin tí ìlà dábùú láàárín rẹ̀.

Fìlà rẹ̀ rọrùn. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ tíṣẹ́ẹ̀tì ló máa di etí fìlà. Ẹ gé e láti ìsàlẹ̀ náà, ínǹṣì 19 ní fífẹ̀, ínǹṣì 10 ní gíga. Orí ọmọ ọdún 6 máa ń tó ínǹṣì 20 sí 21, ṣùgbọ́n tíṣẹ́ẹ̀tì ń fà, kò sì ní máa yọ̀ wá sójú rẹ̀. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀, ẹ fi òwú kó òkè rẹ̀ jọ, ẹ fà á pa, ẹ rán bọ́tìnnì funfun ńlá méjì síwájú, ojú nìyẹn. Apá àti ẹsẹ̀, tíṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn àti sòkòtò tó bá ní nílé ti tó. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ lo aṣọ aláwọ̀ ológun nítorí pé ó jọ awọ Ìjàpá, òótọ́ ni pé ó jọ ọ́, àmọ́ òfin Nàìjíríà kò gba aráàlú láàyè láti máa wọ aṣọ sójà kiri, kò sì yẹ kí ọmọ bá irú rẹ̀ pàdé lọ́nà iléèwé.

Ẹ má fi ìbòjú bò ó lójú. Ojú ihò méjì kì í jẹ́ kí ọmọ rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì há sínú. Ẹ fi nǹkan ya ojú rẹ̀ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìróò. Òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, máa ń wà nínú tìróò tí wọ́n ń lọ̀ tà lọ́jà, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyá wa lò ó fún wa. Pẹ́ńsùlù ìkunjú tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò, tí kì í yọ yín lẹ́nu, ìlà mẹ́ta mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan apá rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Olorì ló kàn. Bùbá lẹ́ẹ̀sì yín kan á di bùbá rẹ̀. Ẹ wá bùbá rẹ̀ kan tó bá a mu lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ ká bùbá yín sí méjì ní gígùn, ẹ ká tirẹ̀ náà, ẹ gbé tirẹ̀ lé tiyín, kí ìsàlẹ̀ méjèèjì bá ara wọn dọ́gba gẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa gé lọ sókè, pẹ̀lú ínǹṣì kan lé ní ẹ̀gbẹ́. Ìṣẹ́tí yín ti di ìṣẹ́tí rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ bùbá náà bákan náà: etí ọwọ́ yín ni etí ọwọ́ rẹ̀, òkè ni ẹ ó ti gé e. Ọrùn nìkan lẹ máa rán tuntun. Lẹ́ẹ̀sì máa ń yún ọmọ lọ́rùn, nítorí náà tíṣẹ́ẹ̀tì rírọ̀ ni kí ẹ fi wé etí ọrùn náà, ẹ là á níwájú díẹ̀ kí orí rẹ̀ lè gbà á kọjá, ẹ gbé bọ́tìnnì kan sí i. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 ni ti lẹ́ẹ̀sì. Bí maṣíìnì bá ń gbé e mì, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ rán an pọ̀ mọ́ bébà, ẹ wá ya bébà náà kúrò nígbà tí ẹ bá parí.

Ínǹṣì kan tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, ẹ má gé e dànù. Ọmọ ọjọ́ orí wọn máa ń ga tó ínǹṣì méjì sí méjì àbọ̀ lọ́dún, bùbá náà á sì ṣeé tú síta fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní 27 oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀.

Bùbá kejì, ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bíi síkẹ́ẹ̀tì abẹ́. Ẹ ká òkè rẹ̀ wọnú, ẹ ti rọ́bà bọ̀ ọ́. Rọ́bà náà kó kéré sí ìbàdí rẹ̀ ní ínǹṣì kan sí méjì. Orí síkẹ́ẹ̀tì yìí ni ìró yóò wà, tó bá jẹ́ pé ìró yọ̀ láàárín eré, ọmọ ò sí níhòòhò. Ìró fúnra rẹ̀ ni aṣọ òkè ìyá ọkọ yín. Bí ìpèlé bá wà nínú rẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ lò, nítorí láti ìbàdí ọmọ ọdún 4 dé kókósẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ínǹṣì 20 sí 22 lọ. Èyí tó bá lé, ẹ ká a wọnú lókè. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú funfun mú un mọ́ béńdì síkẹ́ẹ̀tì ní ìrán tó jìnnà síra, kí abẹ́rẹ́ gba àárín fọ́nrán, kó má ya á. Lẹ́yìn eré, ẹ fa òwú náà yọ, ẹ na aṣọ òkè sáfẹ́fẹ́, ẹ ká a padà bó ṣe wà.

Gèlè líle kò ṣeé wé fún ọmọ ọdún 4 nínú ariwo ìmúrasílẹ̀. Á sunkún, ẹ̀yin náà á fẹ́ẹ̀ sunkún. Ótò-gèlè ni kí ẹ ṣe fún un nílé. Ẹ fi téèpù wọn orí rẹ̀, ẹ wá abọ́ ike tí àyíká rẹ̀ bá a mu, ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ ká gèlè ní ìbú sí méjì kó má baà ga jù ú lọ, ẹ wé e sí abọ́ náà pẹ̀lú sùúrù, ẹ to ìṣẹ́po rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi pínnì mú un. Bó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi òwú rán ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan mọ́ra látinú, ẹ yọ gbogbo pínnì, ẹ ka iye tí ẹ yọ kí ó bá iye tí ẹ fi sí i mu. Ẹ rán rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Dídé ni yóò máa dé e bíi fìlà.

Iyùn àti ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú àpótí yín á bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ rán an mọ́ àyà bùbá, ìlà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi òwú mú un láàárín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Láti àárín àwọn èrò, ẹnikẹ́ni á rò pé ọrùn rẹ̀ ló wà. Ní Yúróòpù, ìlànà aṣọ ọmọdé kò gba okùn lọ́rùn rárá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, nítorí okùn máa ń há sẹ́nu ilẹ̀kùn àti ara àga ìṣeré, ohun kan náà sì lè ṣẹlẹ̀ níbi àtẹ̀gùn iléèwé wa. Bí àbúrò tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà nílé, ẹ fa ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò dáadáa kó má lè já bọ́ sílẹ̀ kó wá di ohun tó ń kì sẹ́nu.

Ẹ wọ aṣọ náà fún wọn nílé kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe láti yà wọ́n ní fọ́tò nìkan. Ẹ ní kí wọ́n sáré, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ tọ̀. Ọmọ ọdún 4 tí kò lè ká ìró ara rẹ̀ sókè láìpe olùkọ́ á ba aṣọ òkè jẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Oṣù keje, òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Inú ọ̀rá ni kí ẹ̀yìn Ìjàpá àti gèlè bá wọn délé ìwé, kí wọ́n gbé e wọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n jáde. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé bọ́tìnnì méjì péré ló wà níwájú Ìjàpá, kó bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀ tó bá fẹ́ jókòó, nítorí kò ní lè fẹ̀yìn ti àga pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ̀yìn náà bá ń lù ú nídìí nígbà tó ń sáré, béńdì ìbàdí ni kí ẹ fún pọ̀, ẹ fi ti èjìká sílẹ̀. Bó bá sì ń ṣubú síwájú nígbà tó bẹ̀rẹ̀, béńdì ìbàdí ti wà lókè jù: ẹ tú u, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ínǹṣì méjì, ẹ tún un rán.